Odídẹrẹ́ Ògbufọ̀ àti Etí Málọmọ́

Ẹ sún mọ́ ibí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín máa bá ẹ̀gúsí yẹn lọ. Ẹ̀gúsí kì í bó ara rẹ̀. Ìwọ Ládépò, mo rí ọ o. Èyí tí o bó sẹ́nu lónìí ti pọ̀ ju èyí tó wà nínú igbá lọ. Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo gbọ́ yín lọ́sàn-án lábẹ́ igi ọsàn. Ojoma fẹ́ pe ọmọ, ó ní “ọma”, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ pe iná, ó ní “una”, ẹ tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ fi wọlé lọ dùbúlẹ̀ tí kò jẹun. Ìlú Ìdá ni ìyá rẹ̀ bí i sí, èdè ìyá rẹ̀ ló sì bá lẹ́nu ọmú. Ọmọ ọmọ mi ni, bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Inú mi ò dùn sí i rárá. Ojoma, wá jókòó síbi ẹsẹ̀ mi níbí. Ó dáa. Ẹ gbè é.

Ààlọ́ o.

—Ààlọ̀.

Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ààlọ́ o!

—Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò yà sílé olówó, kò yà sóko ọba, etí odò ló lọ jókòó sí. Ó dá lórí Odídẹrẹ́, ó dá lórí abiyamọ méjì, ó dá lórí etí ọmọ kan.

Ní ìgbà kan, ìlú méjì wà tí odò kan là láàárín. Odò náà ń jẹ́ Ọ̀yẹ̀rẹ̀. Ìlú tó wà níhìn-ín ń jẹ́ Àgbárọ̀kẹ́, èdè tí èmi àti ẹ̀yin ń sọ yìí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìlú tó wà lọ́hùn-ún ń jẹ́ Ukete, àwọn náà ń sọ tiwọn. Ẹ má bi mí pé níbo ni Ukete wà. Ìlú àlọ́ ni. Mo yá ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ìyá Ojoma, mo sì dá èyí tó kù sọ fúnra mi, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ fi àlọ́ mi bá ẹlòmíì jà.

Odò yẹn kò fẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ bá le lè ju òkúta dé òdìkejì. Èéfín ọbẹ̀ wọn ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, èéfín tiwa ń fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í ré e kọjá. Ẹ wá bi mí pé kí ló fà á.

—Kí ló fà á?

Ìkíni ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa kì í rí èèyàn ká má kí i. Ará Àgbárọ̀kẹ́ á jí, á dé etí odò, á rí ará ọ̀hún tó ń fọ àwọ̀n rẹ̀, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú odò o. Ẹ kú òtútù o.” Ṣé ohun tó sọ burú?

—Kò burú.

Ṣùgbọ́n lédè Ukete, “kú” kò ní ìtumọ̀ méjì. Kí èèyàn kú, kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ sin ín, ó tán. Ará Ukete á na etí, kò ní gbọ́ “iṣẹ́”, kò ní gbọ́ “òtútù”, “kú” nìkan ni yóò máa gbọ́. Kú, kú, kú, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Á ní, “Irú èèyàn wo nìwọ̀nyí? Kí la fi ṣe wọ́n?”

Àwọn ará Ukete náà ní ìkíni tiwọn. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé níbẹ̀, tó bá rí ọ, á tẹ orúnkún díẹ̀, á ní, “Olè.” Àlàáfíà fún ọ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ará Àgbárọ̀kẹ́ tó dá wà jẹ́ẹ́ lẹ́bàá odò á gbọ́ “Olè, olè o” láti òdìkejì. Á bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Á ní, “Háà. Èmi mà ni wọ́n ń pè lólè.”

Ẹ̀rín ń pa yín, àbí? Kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kí ara wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n sì tìtorí ìkíni gbé kùmọ̀.

Odídẹrẹ́ ń gbé lórí ọ̀pẹ kan tó wà láàárín odò náà, lórí ilẹ̀ kékeré kan. Ó gbọ́ ti ìhín, ó gbọ́ ti ọ̀hún. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ: “Wọ́n ń kí yín ni o, ẹ fi kùmọ̀ sílẹ̀.” Ìjà ì bá parí. Ṣùgbọ́n ẹyìn ọ̀pẹ dùn mọ́ Odídẹrẹ́ lẹ́nu jù. Ó jókòó, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní, “Bí àwọn wọ̀nyí bá gbọ́ ara wọn, ta ni yóò máa fún mi ní ẹyìn?”

Ló bá fò, ó di fìì, ó bà sí Àgbárọ̀kẹ́. “Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí? Wọ́n ní olè ni yín láti ìran baba yín wá. Mo lè bá yín pẹ̀tù sí wọn nínú, ṣùgbọ́n ọ̀fun mi ti gbẹ, ebi sì ń pa mí.” Wọ́n kó ẹyìn fún un. Ó jẹ ẹ́, ó nu ẹnu nù, ó di fìì, ó bà sí Ukete. “Ẹ̀yin ará ibí, wọ́n ní kí gbogbo yín kú tán kó tó di àárọ̀ ọ̀la. Mo lè bá yín bẹ̀ wọ́n.” Àwọn náà kó ẹyìn fún un.

Kí wọ́n má baà gbìyànjú àtigbọ́ ara wọn, ó tún dẹ́rù bà wọ́n. Ó ní, “Èdè tiyín àti èdè tiwọn kò bá ara wọn tan níbì kankan. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jọra, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ ògbufọ̀, tó bá la ẹnu bá wọn sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ á wú tìmù.” Ta ló fẹ́ kí ahọ́n òun wú? Báwo ni yóò ṣe jẹ iyán? Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́, Odídẹrẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí odò Ọ̀yẹ̀rẹ̀. Ó sanra, ó yọ ikùn.

Obìnrin kan wá wà ní Àgbárọ̀kẹ́, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, irú ló ń ṣe tà. Àwẹ̀ró a máa bí, ọmọ kì í dúró. Ó ti fi ẹkún kọ́ ọ̀nà ibojì. Nígbà tí èyí ìkẹyìn dé, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ mú abẹ, ó gé bín-ín-tín kúrò létí òsì ọmọ náà, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run má lè gbà á padà mọ́. Bóyá abẹ ni o, bóyá ẹ̀bẹ̀ ni o, èmi ò mọ̀, ṣùgbọ́n Málọmọ́ dúró. Ó rákò, ó dìde, ó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwẹ̀ró kì í jẹ́ kó kúrò lójú òun.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé e lọ sódò níbi tó ti fẹ́ fọ irú. Oorun ń kun ọmọ. Ọkọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n so mọ́ èèkàn, òjìji igi bò ó, ó tutù. Àwẹ̀ró tẹ́ aṣọ síbẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ irú, ó ń fọ ọ́, wọ̀ṣọ̀, wọ̀ṣọ̀. Kò mọ̀ pé okùn ọkọ̀ náà ti jẹrà. Ìgbà tó gbójú sókè, èèkàn ló rí. Kò rí ọkọ̀, kò rí ọmọ.

Ẹ ràn mí lọ́wọ́ gbe orin yìí. Ègbè yín ni “Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.”

Ọmọ mi dà o?
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Málọmọ́ mi dà o?
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Mo fà á lé ọkọ̀ lọ́wọ́,
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Ọkọ̀ kò dúró dè mí,
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Ẹni bá rí ọmọ, kó pè mí,
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Etí rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n,
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.

Ojoma, o ò gbè é. Kò burú. A ó tún kọ ọ́.

Ọkọ̀ náà rọra gbá lọ, ó gúnlẹ̀ sí Ukete. Amẹ́dẹ́ amọ̀kòkò ló ń wa amọ̀ níbẹ̀. Àgbà abiyamọ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Ó gbọ́ igbe, ó sáré wọnú odò, ó gbé ọmọ, ó sì fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún. Bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ọmọ ní, “Omi.” Amẹ́dẹ́ dúró. Ó ní, “Kí ló wí?” Ọmọ tún ní, “Omi.” Amẹ́dẹ́ bu omi fún un, ó mu ún. Amẹ́dẹ́ ní, “Ọmọ òdìkejì ni o, ó sì ń pe omi ní omi bí tiwa.” Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ́ lójú, ó fi sínú.

Àwẹ̀ró ti dọ̀bálẹ̀ níwájú Odídẹrẹ́. Obìnrin ni, ó gbàgbé ìkúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Baba mi, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọmọ mi.”

Odídẹrẹ́ di fìì, ó dé ọ̀dọ̀ Amẹ́dẹ́, ó bá ọmọ níbi tó ti ń jẹ ẹja sísun. Amẹ́dẹ́ ní, “Ọpẹ́ o, o dé lákòókò. Jọ̀ọ́, sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ wà láyọ̀, kó wá gbé e. Mo mọ̀ pé kò lè jẹun báyìí.” Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí í sọ òkú ìyá dààyè. Kí ni Odídẹrẹ́ fi ṣe? Ó padà dé, ó mi orí. “Pẹ̀lẹ́ o, Àwẹ̀ró. Mo rí ọmọ. Wọ́n ní odò ló fi ta àwọn lọ́rẹ, àwọn ò ní fi sílẹ̀ àfi kí o kó ẹyìn wá.” Àwẹ̀ró kó ẹyìn. Odídẹrẹ́ tún lọ bá Amẹ́dẹ́. “Mo bi wọ́n títí. Wọ́n ní ọmọ kankan kò sọ nù lọ́dọ̀ àwọn. Ó jọ pé ńṣe ni wọ́n jù ú nù. Fún mi ní ẹyìn kí n tún bá ọ wádìí.”

Amẹ́dẹ́ wo ọmọ náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ta ló lè ju irú èyí nù?” Ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Odídẹrẹ́ ń lọ, tó ń bọ̀. Àwẹ̀ró ta ìkòkò irú rẹ̀ ra ẹyìn, ó ta aṣọ tó kù fún un, ó ra ẹyìn. “Ó ku díẹ̀,” ni Odídẹrẹ́ ń wí. Nígbà tó yá, àwọn àgbà Ukete ní nígbà tí ọmọ kò ti ní ẹni, kí àbúrò Amẹ́dẹ́ tó ń gbé lórí òkè, tí kò rọ́mọ bí, wá mú un lọ. Wọ́n dá ọjọ́. Odídẹrẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí ọmọ bá gun òkè yẹn lọ, Àwẹ̀ró kò ní fojú kàn án mọ́ láyé. Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi, ó sì ń jẹ ẹyìn. Inú bí mi sí ẹyẹ yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Láàárọ̀, Amẹ́dẹ́ pọn ọmọ wá sódò kó wẹ̀ fún un kí wọ́n tó máa lọ. Àwẹ̀ró wà ní òdìkejì, níbi tó ti ń sùn tó ti ń jí láti ọjọ́ náà. Ó rí obìnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí orí kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ là. Ó dìde.

Odídẹrẹ́ bà sí ẹ̀ka lókè orí rẹ̀. “Má la ẹnu o. Rántí ahọ́n rẹ.”

Àwẹ̀ró ní, “Kó wú. Ahọ́n tí kò bá lè pe ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Ló bá figbe orin bọnu:

Ọmọ mi dà o?
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Málọmọ́ mi dà o?
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.
Etí rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n,
—Odò ń ṣàn wẹ́rẹ́.

Ẹ ṣé. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan nínú rẹ̀ báyìí.

Amẹ́dẹ́ gbọ́ orin náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò yé e, ó kàn ń kọjá lọ létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ “ọmọ mi”. Bí àwọn bá fẹ́ sọ ọ́, “ọma mi” ni wọ́n ń wí. Ó sọ ọ́ lábẹ́ ètè: ọmọ mi, ọma mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì, ọmọ tó pọ̀n ti yíjú sí odò, ó ń na ọwọ́ méjèèjì. Amẹ́dẹ́ kígbe padà, “Ọma wẹ?” Ọmọ rẹ ni bí, ló ń bi í.

Àwẹ̀ró kò gbọ́ “wẹ”. “Ọma” ló gbọ́, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ òun ni. Ó gbá àyà, ó gbá ikùn, ó fa etí ara rẹ̀. “Etí! Ẹ wo etí òsì rẹ̀!”

Amẹ́dẹ́ kò mọ “ẹ wo”, kò mọ “òsì”. Ṣùgbọ́n etí, etí ni lédè tirẹ̀ náà. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ wá síwájú, ó wo etí rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé bín-ín-tín yẹn rèé, tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wẹ̀ láràárọ̀. Ta ló lè dúró ní òdìkejì odò kó mọ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ti wẹ̀ ẹ́ rí?  Kò bi àgbà kankan, kò dúró de àbúrò. Ó wọnú ọkọ̀ tó gbé ọmọ wá, ó mú àjẹ̀, ó ń tù ú bọ̀, wùú, wùú.

Àwọn ará Àgbárọ̀kẹ́ ti gbọ́ ariwo, wọ́n ti kó kùmọ̀ dé. Amẹ́dẹ́ gúnlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó ní, “Olè o.”

Kùmọ̀ lọ sókè. Àwẹ̀ró bọ́ sáàárín. “Ẹ dúró. Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn lólè nìyí, pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀ àti ọmọ ẹni lọ́wọ́? Ìkíni mà ni.” Ó kúnlẹ̀ síwájú Amẹ́dẹ́, omijé ń bọ́, ó ní, “Ẹ kúuṣẹ́, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú.” Amẹ́dẹ́ gbọ́ “kú”, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún wo ojú Àwẹ̀ró. Ẹni tó fẹ́ kéèyàn kú kì í wo èèyàn báyẹn. Ó gbé Málọmọ́ lé e láyà.

Àwẹ̀ró gbá ọmọ mọ́ra, ó wo etí òsì rẹ̀. 

Òùngbẹ ti ń gbẹ Amẹ́dẹ́. Ó wo àwọn èèyàn, ó ní, “Omi.”

Odídẹrẹ́ rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó já bọ́ sáàárín wọn, fìì. “Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní agbọ̀n ẹyìn kan lòun máa gbà kóun tó lọ.”

Àwẹ̀ró yíjú sí i. “Odídẹrẹ́, kí ló wí?”

“Ẹyìn ni.”

“Omi ni mo gbọ́.”

“Omi tiwọn kì í ṣe omi tiwa. Ẹyìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè mọ̀.”

Amẹ́dẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé “omi” bọ̀ tí wọ́n ń gbé e lọ, kò sì rí ẹni tó gbé igbá. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ bomi nínú odò, ó gbé e sẹ́nu, ó wò wọ́n. “Omi,” ló wí, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Ilẹ̀ wá mọ́ wọn lójú gbangba. Baálé Àgbárọ̀kẹ́ ju kùmọ̀ rẹ̀ nù. Ó ní, “Odídẹrẹ́, gbogbo ọjọ́ tí a ti ń bọ́ ọ yìí ńkọ́?” Odídẹrẹ́ fẹ́ fò, ikùn kò jẹ́. Ó ta gìrì, ó já sínú ìkòkò tó wà lórí iná létí odò, tí wọ́n ti ń se ẹyìn tirẹ̀ gan-an fún un, ìdí ló bá lọ, ló bá di pupa fòò. Ó figbe ta, epo gbígbóná wọ ẹnu rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wú tìmù. Ẹ ò rí i? Ahọ́n ta ló wú?

—Ahọ́n Odídẹrẹ́!

Láti ọjọ́ náà, kò lè dá ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ohun tí o bá wí fún un ló ń wí padà fún ọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìrù rẹ̀ sì pupa títí dòní.

Ìlú méjèèjì wá ń ré odò kọjá. Wọ́n rí i pé iná jọ una, ojú jọ eju, ẹja kò yí padà rárá. Ilé kò sì jọ unyi níbì kankan. Èyí tó jọra, wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò jọra, wọ́n fi ń kọ́ ara wọn. Málọmọ́ dàgbà láàárín wọn, ó ń pe Àwẹ̀ró ní ìyá, ó ń pe Amẹ́dẹ́ ní iye, àwọn méjèèjì sì ń jẹ́ ẹ.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ tí kò yẹ kún un, kí ahọ́n èmi náà wú, kí ẹ máa fi ẹ̀kọ mímu bọ́ mi. Ó kọ́ wa pé ẹni tó bá dúró láàárín èèyàn méjì, kó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó kọ́ wa pé kí a má fi èdè ọmọnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá yé ọ, na etí dáadáa, wàá gbọ́ ohun tó jẹ́ tìrẹ nínú rẹ̀.

Ládépò ní kí ni Ojoma máa ń pe ẹ̀gúsí. Bi í, ṣé kò lẹ́nu ni? Èmi ti sọ̀rọ̀ títí, ọ̀fun mi ti gbẹ. Omi.

Ẹ wò ó. Gbogbo yín ṣì ń wo ara yín, Ojoma ti dé ìdí àmù.